Bí ọjà tí a rà lórí fóònù bá dé ní fífọ́

Lórí ojú ewé ìdílé yìí, ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, nítorí pé owó tí ó bá sọnù nínú ilé kì í sábà dá lọ. Ó máa ń mú àlàáfíà ilé náà dání lọ.

Láyé àwọn ìyá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò yóò dé ọjà. Yóò gbé ìkòkò náà sókè, yóò fi ìka kàn án, yóò gbọ́ bí ó ti ń dún, kí ó tó tú owó ní ìdí aṣọ. Bí ìkòkò náà bá sán, kò ní rà á. Lónìí, àwòrán ni a kọ́kọ́ ń rà. A rí ọjà lójú fóònù, a fi owó ránṣẹ́ láti inú fóònù kan náà, a sì jókòó dè é. Èyí kò burú. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà ọ̀nà Kútọnu. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹrù bá dé, tí a tú u, tí a sì rí i pé ó ti fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í mọ ohun tí à bá ṣe. Ẹlòmíràn a sunkún. Ẹlòmíràn a bú ọmọ tí ó gbé e wá. Àwọn mìíràn a dákẹ́, wọn a ní owó ti lọ náà nìyẹn, nítorí pé ojú ń tì wọ́n kí ọkọ tàbí ìyàwó má baà gbọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní aránṣọ kan wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó kó àjọ, tí ó sì fi 90.000 sẹ́fà ra ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kútọnu tí ó rí lórí Facebook. Oníṣòwò náà fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀ akérò. Nígbà tí ó dé, igun páálí ti wọlé, apá ẹ̀rọ sì ti kán. Ẹ̀rọ yìí ni ilé ń wò. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ń bẹ lórí rẹ̀. Kí ni kí ìyá yìí ṣe?

Kí a tó tú u

Ohun kìíní ni pé kí ó má ṣe kánjú. Kí ó ya àwòrán páálí náà ní ìhà gbogbo kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án: ibi tí ó ti wọlé, ibi tí omi ti rin ín, àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kí ó tú u lójú ẹnìkan, kí ọmọ kan sì máa fi fóònù ya bí ó ti ń tú u. Kí ó ya ibi tí ó kán, kí ó sì ya nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ni.

Ohun kejì: kí ó má ṣe sọ páálí nù, kí ó má sì gbé ẹ̀rọ náà lọ fún alágbẹ̀dẹ láti jó o pọ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró deni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tún un ṣe, oníṣòwò lè wí pé alágbẹ̀dẹ ni ó bà á jẹ́. Páálí àti ohun tí wọ́n fi dí ẹrù ni yóò fi hàn bóyá wọ́n dì í dáadáa tàbí wọn kò dì í. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n.

Ohun kẹta: bí ẹni tí ó gbé ẹrù wá bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó tú u níṣojú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó fọwọ́ sí ìwé, kí ó kọ ohun tí ó rí sórí ìwé náà kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé mọ gbólóhùn kan tí àwọn ènìyàn máa ń kọ síbẹ̀: *sous réserve de déballage*. Gbólóhùn yìí kò ní agbára. Ohun tí ó ní agbára ni kí a dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́ gan-an: "igun páálí ti wọlé, apá ẹ̀rọ ti kán." Àti ní Faransé àti ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó ni ó ṣeé dì mú.

Ẹ má sì jẹ́ kí a máa bínú sí ọmọ tí ó fi zemijan gbé e wá láti ibùdókọ̀. Nígbà púpọ̀, bí wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́ náà ni ó gbé e dé.

Ta ni kí a bá sọ ọ́?

Ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ yìí lè kàn: ẹni tí ó tà á, àti ẹni tí ó gbé e. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ẹni tí ó gbé e, nítorí pé àkókò tirẹ̀ ni ó kúrú jù.

Ilẹ̀ Benin àti ilẹ̀ Tógò wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí wọ́n jọ ń lo òfin ìṣòwò kan náà, èyí tí a ń pè ní OHADA. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2003, ẹgbẹ́ náà ṣe òfin kan lórí gbígbé ẹrù ní ojú títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004. Òfin náà wí pé bí ìbàjẹ́ bá hàn sí ojú, kí ẹni tí ó gba ẹrù kọ̀wé sí ẹni tí ó gbé e, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ iṣẹ́ kìíní tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹrù dé. Bí ìbàjẹ́ náà bá fara pamọ́, a fún un ní ọjọ́ 7, a kò sì ka ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ aránṣọ wa bá dé ní ọjọ́ Ẹtì, kò gbọdọ̀ sọ pé òun yóò ronú sí i títí oṣù yóò fi parí. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Òfin yìí kan náà fi ààlà sí owó tí a lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé ẹrù: kò gbọdọ̀ ju 5.000 sẹ́fà lọ fún kílò kan. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ àti páálí rẹ̀ bá wọn kílò 15, èyí tí ó pọ̀ jù tí a lè gbà ni 75.000 sẹ́fà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 90.000 ni a rà á. Ẹni tí ó bá sì ra fóònù tí kò tó ìdajì kílò yóò rí i pé ohun tí òun lè gbà kéré gidigidi. Ọ̀nà àbáyọ kan wà: kí ẹni tí ó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sọ iye tí ẹrù náà jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí wọ́n bá kọ ọ́, iye tí a kọ ni yóò di ààlà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ohun olówó iyebíye, ẹ sọ fún oníṣòwò pé kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Owó tí wọn yóò gbà lé e lè dun ni díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìrora ẹrù tí ó fọ́.

Bí ó bá hàn pé ẹrù náà kò ní ohun tí ó gbé e ró nínú páálí, onímọ́tò lè wí pé ẹ̀bi òun kọ́, pé wọn kò dì í dáadáa. Òfin gbà á láyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò, nítorí òun ni ó dì í. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tọ́jú páálí.

Ní ti oníṣòwò, a ní òfin kan tí a jogún láti ọwọ́ àwọn Faransé, ìyẹn *Code civil* tí wọ́n ṣe ní ọdún 1804. Abala 1641 nínú rẹ̀ wí pé ẹni tí ó ta ọjà ni yóò dáhùn fún àbùkù tí ó fara sin, èyí tí kò jẹ́ kí ọjà náà wúlò. Abala 1644 fún ẹni tí ó rà á ní yíyàn méjì: kí ó dá ọjà padà kí ó sì gba owó rẹ̀, tàbí kí ó mú ọjà náà lọ́wọ́ kí wọ́n sì dá apá kan owó náà padà fún un. Ṣùgbọ́n abala 1642 wí pé oníṣòwò kò ní dáhùn fún àbùkù tí ó hàn gbangba tí ẹni tí ó rà á lè fi ojú ara rẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí: ẹ yẹ ẹrù wò kíákíá, ẹ sì sọ̀rọ̀ kíákíá.

Òfin àtijọ́ yìí tún wí pé bí a bá ti fẹnu kò lórí ọjà àti iye rẹ̀, ọjà ti di ti ẹni tí ó rà á, bí kò tilẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Oníṣòwò ẹlẹ́tàn lè fi èyí bo ara rẹ̀ pé, "Ẹrù yín ni ó fọ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe tèmi." Nítorí náà, kí a tó san owó, ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè nínú WhatsApp: "Bí ó bá fọ́ lójú ọ̀nà, ta ni yóò ru ú?" Kí ó dáhùn, kí a sì tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Ìbéèrè kékeré yìí lè gba ilé kan lọ́wọ́ àríyànjiyàn ńlá.

Bí a ó ti kọ̀wé

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ má ṣe fi èébú bẹ̀rẹ̀. Oníṣòwò tí a bá bú yóò kàn pa ilẹ̀kùn fóònù mọ́ wa lójú ni. Ìwé tí aránṣọ wa yóò kọ lè rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣòwò wa. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ báyìí, ní 90.000 sẹ́fà. Mo ti san owó náà. Nọ́ńbà ìsanwó rẹ̀ nìyí. Ẹrù dé ọ̀dọ̀ mi lánàá. Igun páálí ti wọlé, apá ẹ̀rọ sì ti kán. Ẹ wo àwòrán mẹ́rin tí mo fi ránṣẹ́. N kò lò ó, páálí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ dá owó mi padà, tàbí kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́, kí ó tó di ọjọ́ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún sọ fún mi ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ tí ẹ̀rọ yìí yóò fi padà. Mo ń retí èsì yín. Ẹ ṣeun."

Ìwé yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó wà nínú rẹ̀: ọjọ́, iye owó, ohun tí ó bàjẹ́, ẹ̀rí, ohun tí a ń bèèrè, àti ọjọ́ tí a dá. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni oníṣòwò gbọ́, kí ọmọ ilé tí ó mọ̀wé bá wa kọ ọ́. *Remboursement* ni wọ́n ń pe dídá owó padà. Ẹ má ṣe fi ìpè nìkan ṣe é, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Bí a bá ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù tán, ẹ tún kọ ohun tí a jọ sọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i.

Bí a ti san owó

Ọ̀nà tí a gbà san owó ni ó ń sọ ọ̀nà tí a lè gbà rí i gbà. Bí a bá fi MTN MoMo tàbí Moov Money ránṣẹ́ sí ẹnìkan, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóònù ni láti gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe adájọ́ lórí bóyá ẹ̀rọ fọ́ tàbí kò fọ́. Bí onítọ̀hún bá sì ti gba owó náà jáde, ó di ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ wá. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ìwé kékeré tí ó wọlé sórí fóònù nígbà tí ẹ sanwó. Bí ẹ bá sì lè rí oníṣòwò tí ó gbà kí á san owó nígbà tí ẹrù bá dé, ẹ mú tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá fi káàdì ilé ìfowópamọ́ ra ọjà ní ilẹ̀ òkèèrè lè lọ bá ilé ìfowópamọ́ rẹ̀, kí ó ní òun ń jiyàn owó náà. Àkókò ń bẹ fún un, nítorí náà kí ó má jẹ́ kí oníṣòwò fi "ẹ ní sùúrù" gba gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ PayPal ni a lò, ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tí a sanwó ni a ní láti gbé ẹjọ́ náà dìde. Lẹ́yìn tí a bá gbé e dìde, bí oníṣòwò kò bá ṣe ohun tí ó tọ́, ọjọ́ 20 ni a ní láti fà á lé PayPal fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ náà yóò pa dé. Ẹ sì kíyè sí èyí: bí oníṣòwò bá ní kí á fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, ẹ kọ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò náà.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Faransé ní òfin tí ó fara mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti ìgbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀ láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí, àyàfi àwọn ohun díẹ̀, bí oúnjẹ tí ń tètè bàjẹ́ tàbí ohun tí a ṣe ní pàtàkì fún un. Yàtọ̀ sí èyí, ọdún méjì ni oníṣòwò fi ń dáhùn fún ọjà tí kò rí bí ó ti yẹ; yóò kọ́kọ́ tún un ṣe tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá sì ṣe é, owó padà nìyẹn. Ẹrù ọ̀nà sì wà lórí oníṣòwò títí ọjà yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń yí. Bí ọmọ wa bá ra tẹlifíṣọ̀n ní Paris, tí ó gbà á láìtú u, tí ó sì kó o sínú kọ̀ǹtẹ́nà tí ń bọ̀ ní Kútọnu, ilé ìtajà náà yóò wí pé òun ti gbé e dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Ohun tí òkun àti ebúté ṣe sí i lẹ́yìn náà kò kàn án mọ́. Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n tú ẹrù wò ní Paris, kí wọ́n tàn án wò, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì tún un dì dáadáa kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá fọ́ nígbà náà, a ó mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ó kó kọ̀ǹtẹ́nà jọ ni a ó ti bèèrè.

Ẹ̀yin ará Kétu àti àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ààlà, tí ẹ máa ń ra ọjà láti Èkó, ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí òfin ààbò àwọn oníbàárà ti ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó o ni FCCPC. Òfin náà gbà pé ẹni tí kò ní àyè láti yẹ ọjà wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà.

Bí oníṣòwò bá kọ̀

Bí ọjọ́ tí a dá bá kọjá tí kò sí èsì, ẹ kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì dárúkọ òfin. Ní ilẹ̀ Benin, òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007 wà fún ààbò àwọn tí ń ra ọjà. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní *Code du numérique*, ní apá kan tí ó dá lórí títà àti rírà nípasẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹ lè gbé ẹjọ́ yín lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ìṣòwò, tàbí kí ẹ lọ bá ẹgbẹ́ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà. Bí ó bá jẹ́ pé kò sí oníṣòwò kankan rárá, tí ó gba owó tán tí ó sì parẹ́, olè nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ bá, tàbí ilé iṣẹ́ CNIN tí ń wádìí irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún olè kejì tí ń tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Ẹnìkan lè pe yín pé òun fẹ́ dá owó yín padà, kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà àṣírí fóònù yín, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ fún ni lówó kò nílò kọ́kọ́rọ́ àpótí wa.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé ni ó gbé ẹ̀rọ ṣubú, ẹ má ṣe sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti dé. Oníṣòwò náà ní ọmọ tí ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tajà lórí fóònù nínú wa, ẹ fi aṣọ tàbí ìwé dí àyíká ẹrù, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó pa páálí dé, kí ẹ sì máa dáhùn nígbà tí oníbàárà bá pè. Oníbàárà tí a dá owó padà fún pẹ̀lú inú rere yóò tún padà wá, yóò sì mú ọ̀rẹ́ dání.

Ní ti aránṣọ wa, ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe ni pé kí ó sọ ọ́ nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọkọ rẹ̀ lè ya àwòrán, ọmọ rẹ̀ lè kọ ìwé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ rẹ̀ lè mọ oníṣòwò náà. Ẹrù tí ó fọ́ kì í ṣe ìtìjú. Ẹ jọ̀wọ́, bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, ẹ má ṣe dá a rù.